Bab Zuwayla: Ẹnu Ibodè Àtijọ́ Tí Ó Ru Gogoro Mọ́ṣáláṣí Ní Ìlú Káírò



Ẹ wo àwòrán tí ó wà lókè ọ̀rọ̀ yìí dáadáa kí ẹ tó máa kà á lọ. Ilé ìṣọ́ ribiti méjì ni ẹ rí, tí a fi òkúta kọ́. Ojú ọ̀nà kan gba àárín wọn kọjá, àwọn ènìyàn sì ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ níbẹ̀, ẹlòmíràn ru ẹrù, ẹlòmíràn fa ọmọ lọ́wọ́. Ó yá, ẹ gbé ojú sókè. Lórí ilé ìṣọ́ kọ̀ọ̀kan, ilé gogoro tí ladánì ń gùn láti pe ìrun nà ró lọ sójú ọ̀run. Mọ́ṣáláṣí tí ó ni gogoro méjèèjì kò sí lábẹ́ wọn; ẹ̀gbẹ́ ni ó wà. Ta ni ó gbé gogoro mọ́ṣáláṣí lé orí ẹnu ibodè ìlú, kí ni ó sì fà á tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ fún yín lọ́sẹ̀ yìí. Ọba kan tí ìdun jẹ nínú ẹ̀wọ̀n wà nínú rẹ̀; àlùfáà ńlá méjì tí wọ́n fi orúkọ ara wọn ṣe ẹ̀fẹ̀ wà nínú rẹ̀; obìnrin kan tí a rà lẹ́rú tún wà nínú rẹ̀, tí ó fún gbogbo ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ní omi mu.

Bab Zuwayla ni orúkọ ibodè náà. "Bab" ni àwọn Lárúbáwá ń pe ẹnu ọ̀nà. Ọmọ ilé kéwú kò ní ṣàìmọ ìyẹn. Ó wà ní ìlú Káírò, olú-ìlú ilẹ̀ Íjíbítì tí àwọn àlùfáà wa máa ń pè ní Mísírà. Ẹni tí ó bá ní ọmọ tàbí àbúrò tí ó kàwé ní Azhar lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí láti Mọ́ṣáláṣí Azhar dé ibodè yìí, ẹsẹ̀ lásán ni, kò tó ìdajì wákàtí.

Àwọn tí ó kọ́ ọ

Ní ọdún 969 ni àwọn ọmọ ogun ìdílé Fatimi ti ìhà ilẹ̀ Tùnísíà wá, tí wọ́n sì gba ilẹ̀ Íjíbítì. Ṣíà ni àwọn Fatimi, wọn kì í ṣe Sunní bí tiwa. Jawhar ni orúkọ balógun wọn, òun ni ó sì tẹ Káírò dó. Kò tẹ̀ ẹ́ dó fún mẹ̀kúnnù. Kàlífà, àwọn ìjòyè rẹ̀ àti àwọn ọmọ ogun ni ìlú náà wà fún, a sì fi odi yí i ká. Àwọn mẹ̀kúnnù ń gbé ní Fustat, ìlú àtijọ́ tí Amr bin al-As, ọ̀kan nínú àwọn Sàhábà Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a), ti tẹ̀ dó sí ìhà gúúsù. Ẹni tí ó bá ń ti Fustat bọ̀ wá sí Káírò, ibodè ìhà gúúsù yìí ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹ̀yà kan nínú àwọn ọmọ ogun Jawhar, tí wọ́n ń pè ní Zuwayla, ni a fi ibùgbé fún nítòsí ibẹ̀, orúkọ wọn ni ibodè náà sì ń jẹ́ títí di òní. Ará aṣálẹ̀ ilẹ̀ tí a ń pè ní Líbíyà lónìí ni wọ́n.

Ibodè ti àkọ́kọ́ yẹn kọ́ ni ó wà lójú àwòrán wa. Nígbà tí ó di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ìyàn ńlá kan mú ní Íjíbítì fún ọdún 7, àwọn ọmọ ogun sì dojú ìjà kọ ara wọn nínú ìlú. Kàlífà al-Mustansir kò rí ojútùú mọ́. Ó ránṣẹ́ pe Badr al-Jamali, ará Àmẹ́níà kan tí ó ti jẹ́ ẹrú rí, tí ó sì di balógun ní ilẹ̀ Síríà. Badr dé, ó fi ọwọ́ líle pa àwọn oníjàgídíjàgan lẹ́nu mọ́, ó sì di Wàsírì tí agbára rẹ̀ ju ti Kàlífà fúnra rẹ̀ lọ. Òun ni ó ní kí a fẹ ìlú sí i, kí a sì fi òkúta kọ́ àwọn ibodè rẹ̀. Bab al-Nasr àti Bab al-Futuh ni a kọ́ sí ìhà àríwá ní 1087. Bab Zuwayla ni a kọ́ sí gúúsù ní 1092, èyí tí ó jẹ́ ọdún 485 ti Híjírà. Nínú àwọn ibodè odi náà, àwọn mẹ́ta yìí ni ó ṣẹ́kù tí wọ́n ṣì dúró dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ìtàn odi ìlú lẹ́nu àwọn bàbá yín mọ iṣẹ́ ibodè: ilẹ̀ mọ́ ni à ń ṣí i, ilẹ̀ ṣú ni à ń tì í, oníbodè sì wà níbẹ̀ tí ó ń wo ojú ẹni tí ń wọlé. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ ni àwọn bàbá wa fi mọ odi tiwọn, òjò sì ti wó èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ti Badr yìí, ìsàlẹ̀ ilé ìṣọ́ náà kì í ṣe ihò rárá. Òkúta ni ó kún inú rẹ̀ pátápátá, kí ohun ìjà ọ̀tá má baà lè wó o. Igi ni ìlẹ̀kùn rẹ̀, irin ni a sì fi bò ó lójú.

Al-Maqrizi, òǹkọ̀wé ìtàn tí kò sí ohun tí kò kọ nípa Káírò, sọ ohun kan tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ní Badr tẹ́ òkúta líle dídán sí ẹnu ibodè yìí, ó mú kí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹsẹ̀ ẹṣin àwọn ọ̀tá lè máa yọ̀ níbẹ̀. Òkúta náà wà bẹ́ẹ̀ títí ó fi ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ní ọjọ́ kan ni Sultan al-Kamil, tí ó jọba láti 1218 dé 1238, gun ẹṣin kọjá. Ẹṣin ọba yọ̀! Lọ́jọ́ náà gan-an ni òkúta dídán di ohun tí kò dára mọ́, tí ọba sì ní kí a hú u kúrò. Gbogbo mẹ̀kúnnù tí ẹsẹ̀ wọn ti ń yọ̀ níbẹ̀ láti ìgbà Badr kò rí ẹni gbọ́ tiwọn.

Ṣé ẹ rántí pé ìlú àwọn ọlọ́lá nìkan ni Káírò tẹ́lẹ̀? Ìgbà tí Salahudeen fi òpin sí ìjọba Fatimi ní 1171 ni ó ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Àwọn ènìyàn kọ́lé kọjá odi, ìlú kún, ó sì bo ìta ibodè. Bẹ́ẹ̀ ni ibodè tí ó wà ní ìpẹ̀kun ìlú ṣe wá di ohun tí ó wà láàrin ọjà. Ọ̀tá kò gba ibẹ̀ wọlé mọ́. Olówò àti oníbàárà ni ó ń gba ibẹ̀.

Ọjọ́ ẹkún ní ẹnu ibodè

Níbi tí èrò bá pọ̀ sí ni àwọn aláṣẹ máa ń fẹ́ fi agbára wọn hàn. Ní 1258 ni Hulagu, olórí ogun àwọn Mọ́ngólì, pa ìlú Bàgídáádì run tí ó sì pa Kàlífà. Ní 1260 ó rán ìkọ̀ sí Sultan Qutuz ní Káírò pé kí ó túúbá. Qutuz pa àwọn ìkọ̀ náà, ó sì gbé orí wọn kọ́ sí Bab Zuwayla, kí gbogbo ìlú lè mọ̀ pé kò sí ìpadàsẹ́yìn mọ́. Nínú oṣù Ramadan ọdún náà, ogun méjèèjì pàdé ní Ayn Jalut ní ilẹ̀ Palẹsitínì, àwọn Mọ́ngólì sì fẹsẹ̀ fẹ. Ọlọ́run ni ó ṣe é. Síbẹ̀, èmi kò ní yin pípa tí Qutuz pa ìkọ̀. Ànábì wa, nígbà tí ìkọ̀ Musaylima òpùrọ́ wá sọ ọ̀rọ̀ àfojúdi níwájú rẹ̀, sọ pé a kì í pa ìkọ̀, ó sì jẹ́ kí wọ́n lọ ní àlàáfíà.

Èyí tí ó dùn àwọn ará Káírò jù ni ti Tuman Bay. Òun ni ó jọba kẹ́yìn nínú àwọn Mamluk, àwọn tí a rà lẹ́rú láti ọ̀nà jíjìn, tí a fi ṣe ọmọ ogun, tí wọ́n sì di ọba ní Íjíbítì fún ohun tí ó ju 250 ọdún lọ. Sultan Selim ti àwọn Túrúkì gbé ogun tì wọ́n. Ó ní ìbọn ńlá, wọn kò ní tó o. Ó ṣẹ́gun wọn ní Síríà ní 1516, ó tún ṣẹ́gun wọn lẹ́yìn odi Káírò ní oṣù January 1517. Tuman Bay sá lọ bá olórí Lárúbáwá kan tí ó ti ṣe lóore rí. Olóore rẹ̀ yìí ni ó fà á lé ọ̀tá lọ́wọ́.

Ibn Iyas, tí ó gbé ayé nígbà náà ní Káírò, kọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí ní oṣù April. Wọ́n mú Tuman Bay gba ìgboro kọjá, ó sì ń kí àwọn ènìyàn lójú ọ̀nà bí wọ́n ti ń lọ. Nígbà tí wọ́n dé Bab Zuwayla tí ó rí okùn ni ó mọ ohun tí ó dé. Ó yíjú sí èrò, ó ní kí wọ́n bá òun ka Fátíhà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òun náà kà á, àwọn ènìyàn kà á pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó sọ fún apani pé kí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Okùn já lẹ́ẹ̀kíní, ó já lẹ́ẹ̀kejì, kí ó tó mú un. Igbe ẹkún sọ lọ́tùn-ún lósì. Ọjọ́ mẹ́ta ni òkú rẹ̀ fi wà níbẹ̀ kí a tó sọ ọ́ kalẹ̀ lọ sin. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń bèèrè pé kí ni Fátíhà ṣe fún un nígbà tí wọ́n ṣáà pa á. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti aláìsàn tí ó ń pọ̀kàkà ikú, tí ó sì ń ka Àlùkùránì sí i létí, kò ní béèrè irú rẹ̀.

Ẹ̀jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀, kí n sọ bí gogoro ṣe dé orí ibodè.

Ilé ẹ̀wọ̀n kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bab Zuwayla láyé àwọn Mamluk, Khizanat Shama'il ni wọ́n ń pè é. Al-Maqrizi sọ pé ó wà lára àwọn ilé ẹ̀wọ̀n tí ó burú jù ní ìlú náà. Ìjòyè kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Shaykh bọ́ sí ibẹ̀ lọ́jọ́ kan nínú rògbòdìyàn àwọn olórí ogun. Ìdun ń jẹ ẹ́, iná aṣọ ń jẹ ẹ́, kò rí oorun sùn. Ó wá jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí Ọlọ́run bá yọ òun, tí ó sì fi òun jọba, òun yóò wó ibi ẹlẹ́gbin yìí, òun yóò sì sọ ọ́ di mọ́ṣáláṣí àti ilé ìkẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀jẹ́ tí a jẹ́ nínú ìpọ́njú, ẹ mọ̀ bí ó ti máa ń rí nígbà tí ara bá ti dẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n Shaykh kò gbàgbé. Ó jọba ní 1412, a sì ń pè é ní Sultan al-Mu'ayyad Shaykh. Ní 1415 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ẹ̀wọ̀n náà, ó sì kọ́ mọ́ṣáláṣí tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sí orí ilẹ̀ rẹ̀. Ibodè Badr ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ láti ohun tí ó ju 300 ọdún lọ, kò sì sí ìpìlẹ̀ tí ó le tó o ní gbogbo àdúgbò náà. Ni àwọn mọlémọlé bá gbé gogoro méjèèjì lé orí ilé ìṣọ́ rẹ̀. Orúkọ ọ̀gá tí ó kọ́ wọn, Muhammad bin al-Qazzaz, ṣì wà lára wọn, ó sì ṣọ̀wọ́n kí a tó rí orúkọ oníṣẹ́ ọwọ́ lára ilé ọba.

Kò ṣàì ní àléébù. Ìlẹ̀kùn idẹ ńlá tí ó wà lẹ́nu mọ́ṣáláṣí náà, láti mọ́ṣáláṣí Sultan Hasan ni wọ́n ti tú u wá. Ohun tí ẹnìkan ti yà sọ́tọ̀ fún mọ́ṣáláṣí kan nítorí Ọlọ́run, kí ẹlòmíràn wá gbé e lọ ṣe tirẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, èmi tí mo ń bójú tó dúkìá mọ́ṣáláṣí kò lè sọ pé ó dára, bí ẹni tí ó gbé e tilẹ̀ jẹ́ ọba.

Kò pẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé gogoro lé orí ibodè ni ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ní 1418, ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀rù fún gbogbo ọjà. Wọ́n ní kí a wó o kí ó tó wó pa ènìyàn, wọ́n sì ti Bab Zuwayla pa fún 30 ọjọ́ nítorí rẹ̀. Al-Maqrizi ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ọjọ́ tí a ti tẹ Káírò dó.

Ibí ni àwọn àlùfáà ńlá méjì ti wọ inú ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó níbi wáàsí yóò ti gbọ́ orúkọ Ibn Hajar al-Asqalani, ẹni tí ó kọ Fath al-Bari láti túmọ̀ Hádíìsì Bukhari. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Káírò nígbà náà ni Badruddin al-Ayni, tí òun náà kọ ìwé ńlá Umdat al-Qari láti túmọ̀ Bukhari yìí kan náà. Àwọn méjèèjì kọ́ni ní mọ́ṣáláṣí al-Mu'ayyad, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ rẹ́. Ní èdè Lárúbáwá, "ayn" ni ojú, "hajar" sì ni òkúta. Ibn Hajar fi ewì ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ojú burúkú ni ó ba gogoro náà jẹ́. Gbogbo ìlú mọ̀ pé al-Ayni ni ó ń nà ní pàṣán ọ̀rọ̀. Èsì jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn ti al-Ayni pé irọ́ ni, kò sí ojú kankan níbẹ̀, òkúta ni kò dára! Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin tí ẹ rò pé àwọn àlùfáà àtijọ́ kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún gogoro náà kọ́, ó sì dúró. Ìwé àwọn méjèèjì sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí pẹpẹ ìwé àwọn àlùfáà títí di òní.

Eyín àti ìṣó

Bí àwọn Túrúkì ti gba ìlú, tí ibodè kò sì dáàbò bo ọba kankan mọ́, àwọn mẹ̀kúnnù rí iṣẹ́ mìíràn fún un. Wọ́n ń pè é ní Bab al-Mitwalli. Wọ́n ní wálíyù kan tí kò sí ẹni tí ó ń rí i, tí í ṣe olórí gbogbo wálíyù ayé, máa ń wá jókòó sẹ́yìn ìlẹ̀kùn rẹ̀. Edward Lane, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó gbé Káírò, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1836 pé ẹni tí orí bá ń fọ́ yóò kan ìṣó mọ́ ara ìlẹ̀kùn náà. Ẹni tí eyín bá ń dùn yóò yọ eyín náà, yóò sì tẹ̀ ẹ́ bọ inú ihò rẹ̀, kí ìrora má baà padà wá. Àwọn tí ó ń kọjá a sì máa dúró ka Fátíhà.

Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ láìfi bò. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ké lóru, tí kò sí owó, tí kò sí oníṣègùn nítòsí, ohun tí ojú rẹ̀ bá ṣáà rí ni yóò gbá mú. Èmi kò ní bú u. Ṣùgbọ́n igi àti irin ni ìlẹ̀kùn, ènìyàn ni Badr tí ó ní kí a ṣe é, kò sì sí ẹni tí ó lè gba ẹ̀bẹ̀ àwa ẹ̀dá bí kò ṣe Ọlọ́run Ọba nìkan. Fátíhà tí wọ́n ń kà níbẹ̀ gan-an ni ó sọ bẹ́ẹ̀, pé Òun nìkan ni à ń sìn, Òun nìkan ni à ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti lóye ohun tí ẹnu rẹ̀ ń kà yóò ju ìṣó náà sílẹ̀.

Ilẹ̀ ìgboro náà ga sí i lọ́dọọdún, títí ó fi bo ẹsẹ̀ ìlẹ̀kùn tí kò fi ṣeé tì mọ́. Láti 1998 dé 2003, àwọn onímọ̀ láti Íjíbítì àti ilé iṣẹ́ ìwádìí àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó wà ní Káírò tún ibodè náà ṣe. Wọ́n nu àwọn òkúta rẹ̀, wọ́n tú ìlẹ̀kùn sílẹ̀ kúrò nínú ilẹ̀ tí ó gbé e mì, wọ́n sì tún àwọn àtẹ̀gùn ṣe. Lónìí, ẹni tí ó bá san owó ìwọlé lè gun òkè ibodè náà, kí ó sì máa gun gogoro lọ títí yóò fi máa wo gbogbo Káírò àtijọ́ nísàlẹ̀.

Nafisa

Mo ti sọ pé obìnrin kan wà nínú ìtàn yìí. Bí ẹ bá ti gba abẹ́ Bab Zuwayla wọ inú ìlú, kí ẹ tó rìn jìnnà, ẹ ó rí ilé kan tí iwájú rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀, tí ó ní fèrèsé onírin idẹ tí a hun bí iṣẹ́ ọ̀nà. Nafisa al-Bayda ni ó kọ́ ọ ní 1796.

Ẹrú ni Nafisa. Wọ́n rà á wá láti ìlú òkèèrè, "al-Bayda" tí wọ́n ń pè é sì túmọ̀ sí funfun. Ó di ìyàwó Ali Bey, ọkùnrin tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù ní Íjíbítì nígbà náà. Nígbà tí Ali Bey kú ní 1773, Murad Bey ni ó fẹ́ ẹ. Ó kọ́ bí a ti ń ṣòwò, ó sì ní dúkìá ní orúkọ ara rẹ̀, kì í ṣe ní orúkọ ọkọ. Ẹ̀sìn wa fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ yìí láti ìgbà Ànábì, bí àwọn ọkùnrin kan nínú wa tilẹ̀ máa ń díbọ́n pé àwọn kò mọ̀. Nafisa lo ẹ̀tọ́ náà dáadáa. Ó kọ́ ilé àwọn oníṣòwò àti ilé ìwẹ̀ sí àdúgbò náà, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀nà Ọlọ́run, kí owó tí ó ń ti ibẹ̀ wọlé lè máa bójú tó ilé tí mo sọ yìí.

Kí ni iṣẹ́ ilé náà? Ọ̀nà méjì ni. Lábẹ́ ilẹ̀, àmù ńlá kan wà tí a fi òkúta kọ́. Omi odò Náílì ni àwọn apọnmi máa ń pọn wá sínú rẹ̀. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yóò fa omi náà, yóò sì nawọ́ ife láti inú fèrèsé idẹ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọjá. Kò gba kọ́bọ̀. Alágbàṣe tí ó ru ẹrù láti Fustat, obìnrin tí ó wá ná ọjà, ọmọ tí ó sọnù nínú èrò, gbogbo wọn ń mu. Lókè ilé, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ni ilé kéwú wà fún àwọn ọmọ aláìníbàbá. Ohùn àwọn ọmọ tí ń ka Àlùkùránì ń sọ̀ kalẹ̀ bá ẹni tí ó ń mu omi.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn tí ó kọ́ ọ tán ni Napoleon àti àwọn ọmọ ogun Faransé dé, ní 1798. Ọkọ rẹ̀ sá lọ sí òkè Íjíbítì láti máa jà. Nafisa kò sá. Ó dúró ní Káírò, òun ni ó ń bá àwọn Faransé sọ̀rọ̀ nítorí àwọn ìyàwó àwọn ìjòyè tí wọ́n ti sá, wọ́n sì bù owó gọbọi lé e lórí kí ó tó lè di ohun ìní rẹ̀ mú. Ó san án. Ọkọ rẹ̀ kú ní 1801. Al-Jabarti, òǹkọ̀wé ìtàn ìgbà náà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yin àwọn aláṣẹ, sọ̀rọ̀ rere nípa rẹ̀. Ní 1816 ni Nafisa kú, nígbà tí agbára àti ọlá àwọn Mamluk ti tán. Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ilé omi rẹ̀ náà ni a ti tún ṣe, ó sì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin Alhaja tí ọkọ̀ òfúrufú yín bá lè dúró ní Káírò nígbà tí ẹ bá ń lọ tàbí tí ẹ bá ń bọ̀ láti Umrah, ẹ kírun ní Azhar. Nígbà tí ẹ bá jáde, ẹ béèrè ilé al-Ghuri, níbi tí wọ́n sin Tuman Bay sí. Láti ibẹ̀, ẹ kọjú sí gúúsù kí ẹ máa tọ ọ̀nà tóóró àárín ọjà lọ. Ẹ ó kọ́kọ́ rí gogoro méjèèjì kí ẹ tó rí ibodè. Ẹ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní òdìkejì ni ọjà kan wà tí a bo orí rẹ̀, Khayamiyya ni orúkọ rẹ̀, tí í ṣe ọjà àwọn alágọ̀ọ́. Láyé àtijọ́, irú àgọ́ tí wọ́n ń rán níbẹ̀ ni àwọn tí ń gun ràkúnmí lọ sí Háájì ń gbé dání, àwọn sultan a sì máa wà lórí Bab Zuwayla láti wo bí ọ̀wọ́ àwọn onítọ̀ọ́nà Mẹ́kà ṣe ń gbéra. Aṣọ Káábà pàápàá, Káírò ni wọ́n ti ń hun ún ránṣẹ́ títí di 1962.

Àwọn alágọ̀ọ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Ọkùnrin ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n á ká ẹsẹ̀ kò sórí pákó, wọ́n á máa fi abẹ́rẹ́ gán aṣọ aláràbarà mọ́ra wọn, pupa, àwọ̀ aró àti funfun, bí ẹni pé wọ́n ń ya àwòrán. Àtíbàbà ìyàwó ni wọ́n ń rán àti ti ìsìnkú, wọ́n sì ń rán kékeré tí a lè gbé kọ́ sára ògiri yàrá. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ má ṣe san iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè. Ẹ ná an bí ẹ ti ń ná aṣọ nílé.